Etí Òkun Tí Mo Kọ Sódì

9 Oṣù Kẹta

Afẹ́fẹ́ àríwá. Òtútù ń gé ni nímú jẹ.

Lẹ́tà ọ́fíìsì tí ń bójú tó orúkọ ilẹ̀ dé láti olú ìlú. Wọ́n fẹ́ tẹ máàpù tuntun, wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Ìlú tó bá pẹ́ á dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún tẹ òmíràn, ìyẹn sì lè tó ogún ọdún. Bàbá mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ogún ọdún wo?

Mo tẹ́ máàpù àtijọ́ sórí tábìlì. Láti ìlú wa títí dé ibi tí ilẹ̀ ti pin níhà ìwọ̀ oòrùn, orúkọ mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, àna ọba kan, bíṣọ́ọ̀bù kan, àti ẹnì kan tó jẹ́ pé òun ló sanwó ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Gbogbo ìyókù funfun báláú, bí ẹni pé èèyàn ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Mo bi bàbá mi bóyá á lè ka àwọn orúkọ tí àwa ń pe ibẹ̀ fún mi.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n mu tíì mi tán ná."

11 Oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, kí ó má gun òkè, kí ó má gbé nǹkan wúwo. Nígbà tí a ń jáde lọ ló bi mí ìdí tí bàbá arúgbó fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní ìyá, tó tún ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Mo ní Aluki ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ó kú lóṣù tó ṣáájú ìbí mi, Aluki lèmi náà ń jẹ́. Ó ní, "Áà, ó mà dára o." Kò yé e.

14 Oṣù Kẹta

A bẹ̀rẹ̀. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, mo yí máàpù sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní ìwé yẹn ò mọ òun, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó kọjú sí fèrèsé, ó dijú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń mì lórí orúnkún bí ẹni tó mú pàṣán dání, tó ń da àwọn ajá tí ń wọ́ ọkọ̀ lórí yìnyín. Ó wá ń ka orúkọ lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà, kò mí. Mo ní kó dúró kí n béèrè nǹkan.

"Ẹ má dá mi dúró, Ìyá mi. Àwọn ajá á dùbúlẹ̀."

Nítorí náà n kì í dá a dúró mọ́. Tó bá ti sùn lọ lọ́sàn-án, màá tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́, màá sì fi pẹ́ńsù to àwọn orúkọ náà sí etí òkun: èkíní sí ṣóńṣó ilẹ̀ tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn ìlú wa, èkejì tẹ̀ lé e, títí lọ. Tíṣà ni mí fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mo mọ nǹkan tò.

22 Oṣù Kẹta

Amarualik wá kí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ọmọ àbúrò ni òun àti Kautaq bàbá mi, èébú ni wọ́n sì fi ń ṣeré láti kékeré. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Kautaq, mo gbọ́ pé ọmọ yín ti di tíṣà."

"Jókòó jàre," bàbá mi ní. "Ìwọ tó jẹ́ pé ibi tó bá wu ajá ẹ ló ń gbé ẹ lọ."

"Ajá mi mọ̀nà jù ẹ́ lọ. Òun náà ì bá ti ka tiẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ò kàn bi í ni."

Bàbá mi rí máàpù ayé tí mo mú wálé láti ilé ìwé. Ó fi ìka yí gbogbo rẹ̀ po, láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ibi tí igi ti ń hù, lọ dé ibi tí ooru wà. Ó ní kí ni wọ́n ń pe odindi rẹ̀. Mo ní Amẹ́ríkà ti Àríwá.

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Atukọ̀ kan ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún."

"Ó dé ibí?"

"Kò débí."

"Ta ló wá fún un lóúnjẹ?"

"Bàbá, mo ní kò débí."

Amarualik gbá orúnkún rẹ̀. "Wọ́n fi orúkọ ẹni tí kò débí pe ibí! Kautaq, kí ló dé tí o ò tíì fi orúkọ tìẹ pe òṣùpá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Nuna. Ilẹ̀. Ohun tí àwa ń pè é nìyẹn, ó sì tó. Èèyàn kan ò lè sọ odindi rẹ̀ lórúkọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ bá dé, tí o sì rí nǹkan jẹ, ìyẹn lo lè sọ lórúkọ." Amarualik ní òun ti jẹun nínú ilé yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí ilé náà máa jẹ́ orúkọ òun.

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ti ń fọ ife. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

3 Oṣù Kẹrin

Ìjì òjò dídì, ọjọ́ kẹta rèé. Bàálù ò lè balẹ̀, wàrà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, bátìrì mẹ́rin sì ti di dọ́là mọ́kànlá. Bàbá mi rántí orúkọ erékùṣù kan tí kò tóbi ju ilé lọ, Ibi Tí Ọmọ Ti Kọ́kọ́ Rìn. Ọmọ ta ni? Kò mọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ náà ò mọ̀.

18 Oṣù Kẹrin

Ó tán! Orúkọ méjìléláàádọ́fà. Etí òkun náà ti dúdú fún orúkọ látòkè délẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọnù sáàárín wọn. Mo tẹ Ruuta láago ní ọ́fíìsì orúkọ, ọmọdébìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí, àwa gan-an ò retí ju ogójì lọ." Orí mi wú.

Mo ṣe ẹ̀dà kan fún àbúrò mi Jaipiti, tó ń lọ ṣọdẹ síìlì, ẹran òkun, lọ́la. Mo ní kó fi máa rìnnà.

24 Oṣù Kẹrin

Jaipiti wọlé lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tutù dé itan. Kò bọ́ bàtà. Ó ju máàpù náà sórí tábìlì.

"Ìyá àgbà, ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Bàbá ló kà á."

"Bàbá ò kà á báyìí. Ẹ wò ó." Ó fi ìka gbá orúkọ kan, Yìnyín Tó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé. "Mo gbà á gbọ́. Mo ní tí bàbá mi bá sọ pé ó le, ó le nìyẹn. Omi ló wà lábẹ́ òjò dídì yẹn! Ìdí alùpùpù orí yìnyín mi ti wọlé kí n tó fò kúrò. Gbogbo ẹrù mi ló lọ."

Mo ní bóyá ọdún yìí ló yàtọ̀.

"Kì í ṣe ọdún. Ibi tí ẹ kọ eléyìí sí, ibẹ̀ gan-an ni Ẹlẹ́tàn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin wá kọ Ẹlẹ́tàn síbí, lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí a ti ń gba bọ́ọ̀lù lórí yìnyín! Sódì lẹ kọ ọ́, Ìyá àgbà. Gbogbo ẹ̀."

Mo wọlé lọ bá bàbá mi. Ó ń já okùn awọ kan sí wẹ́wẹ́. Mo bi í láti ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ tó fi ń kà á.

"Láti ilé ni."

"Ilé wo?"

"Ilé wa, níbi tí ilẹ̀ ti pin. Ibẹ̀ la ti ń lo ìgbà òtútù. Tí oòrùn bá ti padà, a ó di ẹrù, a ó máa bọ̀ níhìn-ín."

"Bàbá, láti ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fi kọ ọ́."

Ó wò mí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ojú rẹ̀ kó tó dé ẹnu. "Láti ibí? Ìyá mi, ibí ò sí nígbà yẹn."

Lóòótọ́ ni. Ìjọba ló kọ́ àwọn ilé yìí. Nígbà tí mo fi padà dé láti ilé ìwé wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ibí ni mo ti bá wọn, nínú ilé onípákó aláwọ̀ ewé, mo sì rò pé ibí ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gun ọkọ̀ ajá pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ọmọ ọdún méje kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí.

Mo ń sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ká yí i padà nìkan ò tó: Jaipiti mọ nǹkan bí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n ìyókù ńkọ́, ṣóńṣó ilẹ̀ wo, erékùṣù wo, odò wo?

Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu imú mi. "Ẹ má sunkún. A ó tún un kà lọ́la. Ẹ ra bátìrì."

25 Oṣù Kẹrin

Mo lọ ra bátìrì. Nígbà tí mo dé, ó wà nílẹ̀ láàárín àga àti fèrèsé.

26 Oṣù Kẹrin

Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́. Ẹnu ti wọ́ sápá kan. Kò sí ọ̀rọ̀.

28 Oṣù Kẹrin

Òjò dídì. Kò sí ọ̀rọ̀.

2 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti fi bàálù ránṣẹ́ láti gbé e lọ sí ìlú ńlá ní gúúsù. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni pé adití ni: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lọ?" Ó dúró. Ó yíjú sí mi, ó ní kò gbọ́, kò lè dáhùn.

Ó ti dáhùn. Ó ti fún imú pọ̀, imú tó hunjọ bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹran tó ti bà jẹ́ síwájú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ìlú yìí mọ̀ pé rárá nìyẹn. Ọdún méjì ni nọ́ọ̀sì yìí ti wà láàárín wa, kò wo ojú ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Ó ní òun ò lọ." Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni.

Bàálù padà lófìfo. Bó bá kú, èmi ni mo pa á.

6 Oṣù Karùn-ún

Mo jókòó tì í láàárọ̀, mo ń ka orúkọ fún un kí n lè ní nǹkan sọ. Mo ka Ẹlẹ́tàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ gbéra sókè. Ó tún gbéra, bí àwa ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni láìlanu. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sáré jáde lọ wá Jaipiti láìwọ ẹ̀wù. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni àti rárá ṣì wà lójú rẹ̀! A ó gbé e lọ síbẹ̀. Màá máa ka orúkọ, òun á máa dáhùn."

Jaipiti wò mí títí. "Ó lè kú sọ́nà, Ìyá àgbà."

"Ṣé ibi tó ń wò láti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ibi tí èèyàn ti ń fẹ́ kú nìyẹn?"

Ó lọ wo epo.

10 Oṣù Karùn-ún

Oòrùn kì í wọ̀ mọ́. Ojú ọ̀nà le. A di bàbá mi mọ́ inú àpótí pákó lórí ọkọ̀ tí alùpùpù ń wọ́, awọ àgbọ̀nrín mẹ́ta lábẹ́, méjì lókè. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ rẹ̀ lérí. Amarualik kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, "Kautaq! Tí o bá bọ́ nínú ọkọ̀, má retí pé èmi ló máa wá ẹ rí!" Ìpéǹpéjú bàbá mi gbéra.

Orúkọ mọ́kàndínlógún lónìí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: Jaipiti á pa ẹ̀rọ, màá gbé orí bàbá mi sókè kó lè wò, màá máa ka orúkọ. Imú, imú, imú, ìpéǹpéjú. Màá kọ ọ́. A ó máa lọ.

11 Oṣù Karùn-ún

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó mu omi ẹran síìlì tí ó kún ife. Ojú rẹ̀ mọ́.

12 Oṣù Karùn-ún

Ní báyìí kì í dúró kí n kà á parí. Mo bá ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ìpéǹpéjú ti dé òkè. A dé Ibi Tí Ọmọ Ti Kọ́kọ́ Rìn, òkúta lásán ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè rò pé ìdọ̀tí ni lórí máàpù. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù. Jaipiti fa ẹja pupa kan jáde láti inú ihò yìnyín, a jẹ ẹ́ ní tútù. Mo rò nínú ara mi pé tí ó bá jẹ́ ọjọ́ bíi tòní nìkan ló kù, ó tó.

13 Oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn Ṣóńṣó Ilẹ̀ Pupa ni kọ̀rọ̀ omi ńlá kan wà, ó tẹ́jú, iyanrìn wà létí rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ kan ló wà níbẹ̀ lórí máàpù àtijọ́. Mo ka gbogbo orúkọ tó kù fún un. Imú. Mo tún wọn kà. Imú. Mo ní bóyá mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, bóyá ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Imú. Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sínú etí rẹ̀, mo rò pé afẹ́fẹ́ ni, mo nù ún, ó tún ṣàn.

"Jaipiti, kí ni wọ́n ń pe ibí?"

Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ṣí ẹ̀rọ tí kò sí ohun tó ṣe é. "Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tó o ń ṣọdẹ níbí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá?"

"Mo ní mi ò mọ̀, Ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Òtútù ń mú un."

15 Oṣù Karùn-ún

A dé ibi tí ilẹ̀ ti pin, a sì ti yí padà. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ti wà ní ààyè wọn. Mẹ́wàá jẹ́ ti orí yìnyín, Jaipiti á fi wọ́n hàn mí. Mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n mọ́. Bàbá mi sùn láti ibẹ̀ dé ilé.

17 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ bá Amarualik. Mo bi í lórúkọ kọ̀rọ̀ omi tó wà lẹ́yìn Ṣóńṣó Ilẹ̀ Pupa. Kò fi èébú dá mi lóhùn.

"Ẹ bi ọmọ yín," ó ní.

"Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó ń fi ọwọ́ wá ife rẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò bá a mú un.

"Ibi Tí Wọ́n Ti Gba Ìyá Lọ ni," ó ní.

"Ìyá ta?"

"Ìyá Kautaq, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà ẹ̀rùn tí bàálù ti gbé mi níbẹ̀ lọ sí ilé ìwé ìjọba ni bàbá mi ti ń pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó lọ láti ilé dé ilé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pè é létí mi.

"Gbogbo ìlú?"

"Títí kan àwọn ọmọdé. Àti nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa ń dáhùn àwọn ọdẹ lórí rédíò, orúkọ òyìnbó ọlọ́kọ̀ yẹn la máa ń pè níbẹ̀. Òun nìkan ló wúlò fún."

Ogójì ọdún. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi, nínú àgọ́, lórí yìnyín, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní A-B-D.

18 Oṣù Karùn-ún

Ohun tí mo rántí nìyí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Bàálù náà léfòó lórí omi, kò lè dé etíkun. Bàbá mi pọ̀n mí kí bàtà mi má baà tutù, ó ń fi ẹsẹ̀ la omi kọjá, mo ń rẹ́rìn-ín nítorí mo rò pé eré ni. Ó gbé mi sí ẹnu ọ̀nà bàálù. Ó yípadà. Mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti fi gbàgbọ́ pé ó yá a lára.

Mo wọ yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí lọ."

Ìpéǹpéjú.

"Ẹ̀yin lẹ gbé mi sínú rẹ̀."

Ìpéǹpéjú.

"Ẹ lè kọ̀ nígbà náà."

Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń wò mí. Mo dúró, mo ní màá dúró di alẹ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìpéǹpéjú náà gbéra sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé òkúta.

Mo jáde. Mo fọ àwọn abọ́ tó mọ́.

19 Oṣù Karùn-ún

Jaipiti ló fún un lóúnjẹ. Mi ò wọlé.

20 Oṣù Karùn-ún

Mi ò wọlé. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi. Ó jẹ̀bi, mo mọ̀, òun náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè jẹ̀bi kí ó sì fi ogójì ọdún sọ ọ́ fún ilẹ̀.

22 Oṣù Karùn-ún

Ó ti dẹ́kun jíjẹun. Mo wọlé.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. "Bàbá" ni mo ti ń pè é láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú orúkọ, èmi ni ìyá, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí òmíràn. Àwọn obìnrin mìíràn ń lò ó fún àwọn bàbá wọn, wọ́n ń fi ṣàwàdà. Èmi ò lò ó rí. Ilé ìwé ti mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu mi.

Mo dùbúlẹ̀ tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti dé. Mo ti dé láti ọjọ́ pípẹ́."

Ó fi ọwọ́ òsì wá imú mi. Ó nù ún.

27 Oṣù Karùn-ún

Ó kú láàárọ̀, kí omi tó hó.

29 Oṣù Karùn-ún

Ilẹ̀ ṣì le, òkúta la fi bò ó lórí òkè. Afẹ́fẹ́ díẹ̀, oòrùn. Amarualik ní kí wọ́n mú òun súnmọ́ ọn. Ó ní, "Kautaq, o sáré lọ kí o lè yan ibi tó dára jù..." Ó jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún sókè, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

31 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ruuta lórí fóònù, méjìdínláàádọ́fà. Ó gba gbogbo wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n bí mo ti ń kà wọ́n. Mo wá ka ọ̀kan tó kù.

"Àǹtí, ibẹ̀ ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ yí i padà."

"Ta ló fún un lórúkọ tuntun yìí?"

"Bàbá mi, Kautaq."

"Ìdí rẹ̀? Wọ́n ní kí a kọ ìdí."

Mo sọ ọ́ fún un. Ohùn rẹ̀ ò tutù mọ́ nígbà tó dáhùn. "Wọ́n gbé ìyá tèmi náà lọ sílé ìwé yẹn, Àǹtí. Kò sọ nǹkan kan fún wa títí ó fi kú." Lẹ́yìn náà ó ní òfin ni òfin, láti yọ orúkọ àtijọ́ kúrò, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, ó sì di ọdún tó ń bọ̀, bóyá ọdún tó tẹ̀ lé e. Máàpù á ti jáde kó tó dìgbà náà. Orúkọ ọlọ́kọ̀ ló máa wà níbẹ̀.

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní òun ti kọ ọ́.

7 Oṣù Kẹfà

Mo kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Mo tún kó wọn jáde.

16 Oṣù Kẹfà

Kùrukùru. Yìnyín ti ń là níwájú ìlú. Mo padà sídìí rédíò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti kú. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọdẹ máa ń pè wọlé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ibi tó wà, èmi á pe orúkọ ibẹ̀ padà kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé mo gbọ́. Àwọn mẹ́rin pè. Mo dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni Jaipiti.

"Ìyá àgbà, èmi nìyí. Ara mi le. Mo ti pa síìlì méjì." Rédíò ń hó. "Ibi tí mo wà..."

Kò sẹ́ni tó fi ohùn kún ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán ogún rédíò ló ṣí sílẹ̀ nínú ìlú yìí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló ń dúró de orúkọ ọlọ́kọ̀ yẹn.

"Mo wà ní Ibi Tí Wọ́n Ti Gba Ìyá Lọ," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo tẹ bọ́tìnnì náà.

"Mo gbọ́," mo ní. "Jaipiti wà ní Ibi Tí Wọ́n Ti Gba Ìyá Lọ."